Ìdí Tí Àtẹ Orúkọ Kì Í Fi Í Yọ Tán Lẹ́ẹ̀kan Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, kí wọ́n tó bí baba tó bí mi, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni àwọn ẹranko ìlú Ìgbórí ní. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e sí. Alántakùn ló ń gbé inú rẹ̀, òun ló sì ń hun àtẹ orúkọ tó ń hàn lójú ẹ̀rọ náà.

Láyé ìgbà náà, Alántakùn gbọ́dọ̀ hun àtẹ tán pátá kí ẹnikẹ́ni tó rí orúkọ kan. Nọ́ọ̀sì Àdàbà kì í sì í fún ọmọ lóògùn láìrí orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n oògùn tó yẹ ẹ́.

Alántakùn mọṣẹ́, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ní ìwà kan. Bí orúkọ tuntun bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tú gbogbo àtẹ palẹ̀, á tún un wọ̀n, á tún un hun láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ahunṣọ gidi kì í jẹ́ kí iṣẹ́ òun wọ́," ló máa ń wí. Nígbà tí ọmọ ìlú kò ju ogójì lọ, ta ló máa mọ̀?

Lọ́dún kan, òjò rọ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ bímọ. Yéè! Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Gbogbo wọn ló sì lórúkọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Èkúté gbé ọmọ rẹ̀, Àwẹ̀ró, sáré wá. Ara ọmọ náà gbóná bí ààrò. Nọ́ọ̀sì tẹ kọ̀ǹpútà. Ojú ẹ̀rọ funfun báláú. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sí orúkọ kankan.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń kú lọ!"

"Màmá Àwẹ̀ró, n kò rí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fún un ní oògùn tí kò yẹ ẹ́."

Òbúkọ, tóun náà ń dúró de oògùn, kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀lẹ ni Alántakùn! Ó ti sùn sínú ibẹ̀!"

Èkúté gbé ọmọ fún Nọ́ọ̀sì, ó gba ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọlé. Háà! Alántakùn kò sùn o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ṣiṣẹ́, òógùn bò ó. Ó ti hun ẹgbẹ̀rún kan, ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ kan wá gbé orúkọ gígùn dé, ló bá ń tú gbogbo rẹ̀.

Èkúté ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ mélòó ni ojú ẹ̀rọ yìí ń gbà lẹ́ẹ̀kan?"

"Ogún."

"Ta wá ni ẹ ń hun ìyókù fún?"

Alántakùn fi òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀pà kún ihò mi," Èkúté ní. "Bí àlejò bá dé, ìwọ̀n tí àwo gbà ni mo máa ń bù. Tó bá jẹ ẹ́ tán, mo tún bù. Ẹ wọn ojú àtẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́. Ẹ hun ogún péré. Bí ojú ẹni tó ń wò ó bá ń lọ sísàlẹ̀, ẹ tú òwú òkè, kí ẹ fi hun ti ìsàlẹ̀."

"Orúkọ tó bá gùn jù ńkọ́?"

"Kó ká ẹsẹ̀ kò sínú àyè tirẹ̀! Bí a ṣe ń sùn nínú ihò wa nìyẹn."

"Ta ló máa sọ fún mi pé ojú ti lọ sísàlẹ̀?"

"Èmi ni. Màá jókòó síta, màá máa fa okùn kan tí ẹ bá so mọ́ àtẹ."

Alántakùn mí kanlẹ̀. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó yá, jáde, kí o lọ fà á!"

Èkúté fa okùn. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ogún orúkọ ti yọ! Ó tún fà á, ogún mìíràn yọ. Ó fà á, fà á, títí orúkọ Àwẹ̀ró ọmọ Èkúté fi yọ gbàgàdà! Nọ́ọ̀sì bu oògùn sí i lẹ́nu. Kí oòrùn tó wọ̀, ara ọmọ ti tutù, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹ̀pà.

Ẹ wá wo ariwo ayọ̀! Wọ́n gbé Èkúté sórí èjìká yí ìlú ká. Òbúkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ Alántakùn.

Láti ọjọ́ náà ni àtẹ inú kọ̀ǹpútà, bó ti wù kó gùn tó, ti ń yọ ní ìwọ̀n tí ojú ẹ̀rọ gbà, tí orúkọ gígùn sì ń ká ẹsẹ̀ kò. Láti ọjọ́ náà sì ni Èkúté, tí òyìnbó ń pè ní máòsì, ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìka yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Okùn tí ìyá Àwẹ̀ró fà ni ẹ ń fà yẹn.