Ewúrẹ́ Baba Láṣebìkan

Ní abúlé wa, kò sẹ́ni tó ń sá èlùbọ́ láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Baba Láṣebìkan bóyá òjò yóò rọ̀. Bó bá ní kí wọ́n kó o wọlé, kò ní pẹ́ tí òjò á fi dé. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé orí Baba pé.

Ohun tí Baba ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ewúrẹ́ lòun ń wò. Abúlé ti fòfin de ewúrẹ́ nítorí èlùbọ́, àmọ́ wọ́n fi ti Baba sílẹ̀ nítorí pé àgbà ni. Bí òjò bá ń bọ̀, ewúrẹ́ náà á kúrò lórí ààtàn, á wá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí èlùbọ́ àkọ́sá gbẹ láìkan omi, àwọn obìnrin ní àwọn á se àsè fún Baba nítorí ọgbọ́n rẹ̀. Baba wà lóko. Wọ́n ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì sè é. Nígbà tó dé, orí ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, nítorí àgbà ló ń jẹ orí. Baba wò ó títí. Ó jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àdùnbí wá béèrè bóyá kí àwọn sá èyí tó kù. Baba wo ààtàn, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n sá a. Òjò ọ̀sán gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìyá Àdùnbí kúnlẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ le. “Baba, ẹ má bínú o, ṣé orí yín ṣì pé báyìí?”

Baba ní, “Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọlọ́gbọ́n tèmi lẹ sè lánàá. Ata rẹ̀ sì dáa.”