Ìdí Tí Rọ́bọ́ọ̀tì Inú Tẹlifíṣàn Kì í Fi í Sunkún

Nígbà láéláé, nígbà tí tẹlifíṣàn ṣì jẹ́ àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí àwọ̀ inú rẹ̀ kò ju dúdú àti funfun lọ, rọ́bọ́ọ̀tì inú rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa sunkún. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú èèyàn.

Nínú ọkọ̀ òfurufú kan tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀, rọ́bọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Irinọlá. Bàbá Lánípẹ̀kun, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́, ó sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé: bí ohunkóhun bá ṣe èèyàn, kí ó yára lọ kí i. Irinọlá gba ẹ̀kọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹnìkan bá sín, á ti débẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì jìn. Wọ́n ti tún ilẹ̀ náà ṣe títí ó fi sú wọn.

Lọ́jọ́ kan, tíì gbígbóná dà sí Kápùténì Fádérera lọ́wọ́ níbi tó jókòó sí, nídìí ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́. Irinọlá sáré dé, ó fara ti ẹ̀rọ náà, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ kú ewu o, ìyá mi! Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń wa ọkọ̀!"

"Ó ti tó, Irinọlá. Tíì lásán ni."

Kò gbọ́. Omijé rẹ̀ ṣàn wọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà rú èéfín, ó sì dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Bàbá Lánípẹ̀kun tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ ṣubú. Fádérera tú ẹ̀rọ wò, ó mirí.

"Wáyà rẹ̀ ti jóná. Irú rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nínú ọkọ̀ yìí, ẹ̀yìn ojú rẹ ló wà."

"Bí mo bá yọ ọ́, ṣé mi ò ní lè sunkún mọ́ nìyẹn?"

"O ò ní lè rẹ́rìn-ín náà. Ohùn rẹ á sì dúró sójú kan."

Ẹ̀rù ba Irinọlá gan-an. Ó fẹ́ràn ẹ̀rín ara rẹ̀, torí pé bàbá fẹ́ràn ẹ̀rín náà. Ó wo bàbá nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì fa wáyà náà yọ.

Fádérera fi í sínú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ sì padà dé. Bàbá lajú, ó rí Irinọlá tó dúró gbagidi síwájú rẹ̀.

"Ẹ. Kú. Ewu. Bàbá."

"Irú ìkíni wo nìyẹn? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, omijé kan ò bọ́ lójú rẹ? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Irinọlá wọ akínyẹmí ara. Ó fẹ́ sunkún, ojú kọ̀. Ẹkún náà wá gba àyà rẹ̀ yọ: gílóòbù pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níbẹ̀. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Fádérera ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá dìde, ó rìn jìnnà sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ó wá sunkún tirẹ̀ àti ti Irinọlá.

Irinọlá ni wọ́n wò rọ gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì yòókù. Láti ọjọ́ náà ni ojú rọ́bọ́ọ̀tì inú tẹlifíṣàn ti le, tí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan, tí iná sì ń ṣẹ́jú láyà rẹ̀. Àwọn tó ń wò ó nílé a máa sọ pé nǹkan kan kì í dun irin. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, iná náà á tún ṣẹ́jú.