Aṣọ Funfun Inú Àpótí

Ọkùnrin kan wà tí ó gbé ìyàwó tuntun. Ní ìdílé wọn, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí ibùsùn ìyàwó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan aṣọ náà, wọ́n á ní ọkọ bá a nílé, wọ́n á sì gbé agbè ẹmu tó kún dẹ́nu lọ fún àwọn òbí rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá kàn án, ààbọ̀ agbè ni wọ́n ń gbé lọ, kí gbogbo ará àdúgbò lè rí i.

Ilẹ̀ mọ́, aṣọ funfun tònítòní. Ìyàwó sunkún, ó búra pé òun kò mọ ọkùnrin rí. Ọkọ kò gbọ́. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń dá inú ara rẹ̀ rú wá di onímọ̀ ara obìnrin láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní kí wọ́n bu ẹmu sí ààbọ̀ agbè, kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ sì rù ú padà sílé bàbá rẹ̀.

Ìyẹn kò tó o. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó gbé aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ìgbéyàwó jáde. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi àbààwọ́n ara aṣọ náà yangàn fún un. Ó nà án síwájú ìyàwó, ó ní kí ó wo ti ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa.

Ìyá rẹ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ òròmọdìẹ nìyí. Èmi náà kò ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ nìkan ni ọkùnrin tí mo mọ̀ láyé mi. Àbúrò ìyá mi ló rí i pé wọn ò ní gbà mí gbọ́, ló bá dúńbú òròmọdìẹ sórí aṣọ. Bí ìyàwó rẹ bá máa ru ààbọ̀ agbè, bu tèmi náà wá, ká jọ lọ."

Agbè náà wà nílẹ̀ láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Ìtàn náà parí síbẹ̀. Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, tí o sá aṣọ ìyàwó rẹ síta nítorí pé kò lẹ́jẹ̀, tí o ní kí n bá ọ dá ọmọ ọlọ́mọ padà sílé bàbá rẹ̀, inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní fi pamọ́. Ta ló sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa ló wà lára obìnrin? Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ojú rẹ̀ sì ti là kó tó bàlágà. Bí kò bá là, ibo ni nǹkan oṣù ń gbà jáde? Ó máa ń fẹ̀. Ti ẹlòmíràn a ya díẹ̀, ti ẹlòmíràn kò ní ya rárá. Kò sí agbẹ̀bí, kò sí dókítà tó lè wò ó kó sọ ẹni tó ti mọ ọkùnrin. Aṣọ lo wá fi ṣe ẹlẹ́rìí! Ìwọ gan-an, ta ló tẹ́ aṣọ fún ọ rí?

Lọ sílé. Ká aṣọ yẹn kúrò níta, kí o sì bẹ ìyàwó rẹ. Lẹ́yìn náà, gbé agbè kíkún lọ fún àwọn tó bí i. Kì í ṣe nítorí ẹ̀jẹ̀ kankan, nítorí pé wọ́n fún ọ ní ọmọ wọn ni. Ìwọ ni kí o rù ú, lójú gbogbo ará àdúgbò.