Bẹ́ǹṣì Iwájú ní Òkè-Àsàlá

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Ẹni tí kò ka ju ìwé kejì lọ, kí ni yóò mọ̀ nípa ìtàn ìjọ Àgùdà? Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kò fẹ́ sọ ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òpè sọ díẹ̀.

Fáda Dẹ́sìmọ́ńdì ló dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Òkè-Àsàlá, òyìnbó kan tó máa ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ìjọ fẹ́ràn rẹ̀. Orin Látìn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ sókè gan-an, bóyá kí Ọlọ́run má baà ráyè bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní yàrá kan ṣoṣo. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yàrá kejì nígbà kan, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ rẹ̀ wó lójijì, ó sì pa ọkùnrin mẹ́rin tó ń mọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan amọ̀ níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ǹṣì iwájú tí àwọn mẹ́rin náà máa ń jókòó sí ní Mísà, wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìyá Felísítà, opó ọ̀kan nínú wọn, ló ń nù ún lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

Ọdún mélòó kan kọjá kí tíṣà tuntun tó dé láti Abẹ́òkúta. Gírẹ́gọ́rì Láṣebíkan lorúkọ rẹ̀. Ó fi sítáàṣì mú ṣòkòtò kákí rẹ̀ le débi pé bó bá fẹ́ jókòó, ṣòkòtò náà á kọ́kọ́ rò ó wò. Ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n, àrùn tí kò lóògùn nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù ti ránṣẹ́ sí i pé bí yàrá kejì kò bá sí nígbà tí òun bá dé lẹ́yìn àjọ̀dún Àjíǹde, òun yóò ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Tíṣà sì ti fọ́nnu fún gbogbo ẹbí pé òun di ọ̀gá. Ojú wo ni yóò fi padà sílé?

Ó pe àwọn ọkùnrin ìjọ jọ, ó bẹ̀ wọ́n. Bàbá Adéọ̀ṣun, olórí ìjọ, ń wolẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ń dùn wá, Tíṣà.”

“Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń mọ ògiri ni?”

“Ẹsẹ̀ la fi ń po amọ̀.”

Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní Òkè-Àsàlá, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ òkú kí àlejò káàbọ̀. Bí kò bá béèrè, wọn kò ní sọ. Tíṣà kì í sì í béèrè. Ìdáhùn ló máa ń gbé kiri.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó rí ọkùnrin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Amọ̀ pupa wà nírun wọn àti léjìká wọn. Inú kọ́kọ́ bí i: àwọn wo ni kò lè wẹ̀ kí wọ́n tó wá síwájú Ọlọ́run? Lẹ́yìn náà ló rántí pé ẹni tí amọ̀ wà lára rẹ̀ gan-an lòun ń wá. Nígbà tí èrò túká, ó lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mọ yàrá kejì.”

Àgbà inú wọn kò yíjú. “Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí ẹni tí yóò bẹ̀ wá.” Ohùn rẹ̀ gbẹ, bí ohùn ẹni tí erùpẹ̀ dí lọ́nà ọ̀fun.

Tíṣà ní kí bàbá lọ mu omi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìpele amọ̀ tútù kan ti wà lórí ìpìlẹ̀ ògiri àtijọ́ tó wó. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó di méjì. Àwọn ará ìlú rò pé Tíṣà gba oníṣẹ́ láti ìlú kejì ni, wọ́n ń bú u lábẹ́lẹ̀ pé ó rówó ná. Tíṣà ní tirẹ̀ rò pé àwọn bàbá mẹ́rin náà máa ń ṣe é kí wọ́n tó lọ sóko. Ó lọ wo kòtò tí wọ́n ti ń po amọ̀. Kò rí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó mi orí, ó ní àwọn àgbà yìí mọ́ tónítóní.

Bíṣọ́ọ̀bù dé, ó rí yàrá kejì pẹ̀lú òrùlé rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí Mísà parí, Tíṣà bọ́ síwájú ìjọ.

“Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ wá wo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dùn. Ẹ̀yin bàbá mẹ́rin tó wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ìjọ rí yín.”

Gbogbo ojú lọ sórí bẹ́ǹṣì òfìfo náà. Ó dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ǹṣì ṣe ń dún nígbà tí àwọn tó wúwo bá dìde lórí rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa dà sílẹ̀ níbi mẹ́rin.

Ìyá Felísítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Tíṣà, èyí tó wà lápá òsì, ṣé ó ní àpá níwájú orí?”

“Ó ní, Ìyá. Àbí ẹ kò rí i ni?”

“N kò rí i láti ọjọ́ tí a ti sin ín.” Ó mí kanlẹ̀. “Ṣé kò rù?”

Tíṣà tún wo bẹ́ǹṣì náà. Lọ́tẹ̀ yìí, òun náà kò rí nǹkan kan. Ó jókòó lójijì, ṣòkòtò kákí rẹ̀ kò sì ráyè rò ó wò.

Bíṣọ́ọ̀bù, tí kò gbọ́ Yorùbá, pàtẹ́wọ́. Ó ní òun kò ní ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ìyá mú ọmọ wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, wọ́n dì wọ́n lọ́wọ́ mú pinpin. Ìyá Felísítà nìkan ló mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé. “Bàbá rẹ àgbà ló kọ́ ọ. Jókòó.” Àwọn tó kù ń wo ògiri. Òjò kò rọ̀, òrùn mú, síbẹ̀ amọ̀ náà tutù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé e.

Ọ̀rọ̀ Tíṣà yìí ni àwọn àgbà Òkè-Àsàlá wò, tí wọ́n fi sọ ọ́ di òwe pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ ríran ńkọ́, ṣé ẹ ó rán ọmọ yín wọ yàrá yẹn?