Adìẹ Aṣọ́lé Sàba Lé Bọ́ọ̀lù

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò bíi bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀ sórí Ọ̀kẹ́rẹ́, balógun ẹgbẹ́ àwọn ẹranko kéékèèké. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Ẹfọ̀n pàdé ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife ni yóò máa kọ́kọ́ mu omi odò ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí Ẹfọ̀n bá kọ́kọ́ mu ún, ẹrẹ̀ ló kù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba abẹ́ ikùn Ẹfọ̀n kọjá, ó gbá góòlù kan wọlé. Ó wá ku kí Adìẹ ṣọ́lé. Ẹfọ̀n gbá bọ́ọ̀lù, ó ba òpó. Adìẹ ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀. Ẹfọ̀n tún gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá lókè. Adìẹ ń ṣa ikán jẹ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kawọ́ lérí. "Ìyá Òròmọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ lẹ bá wá ni?"

"Ebi ò gbọ́ fèrè, ọmọ mi."

Lẹ́ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù rọra yí wá síwájú rẹ̀. Adìẹ wò ó: ó funfun, ó rí roboto. Ló bá sàba lé e! Ẹfọ̀n sún mọ́ ọn, Adìẹ ṣá a nímú. Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sórin. Ẹ gbè é:

Ìyá Òròmọ, ẹ dìde o!
Gbìrìgbìrì gbálùú!
Awọ lásán ni, kò ní dọmọ o!
Gbìrìgbìrì gbálùú!

Adìẹ ò mira títí fèrè ìparí fi dún. Ẹgbẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ife! Gbogbo wọn sáré lọ sódò, àfi Adìẹ.

"Ọmọ mi, máa bu omi tèmi wá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún."

Balógun ń pọnmi, ó ń kùn. Nígbà tí ọjọ́ pé, Adìẹ ní èèpo ẹyin náà ló yi, kó fi ogún ọjọ́ kún un.

Ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá parọ́, kí Adìẹ dìde!