Ẹsẹ̀ Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Ṣókẹ́yẹ

Bí o bá dé àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta, tí o bá ẹni méjì níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó tan ẹnì kejì jẹ, kò ní pẹ́ tí àgbàlagbà kan á fi sọ pé, "Ẹ̀dà tó bá jẹ́wọ́ kì í ṣe ayédèrú." Ọ̀rọ̀ yìí a máa dá àlejò dúró. Ẹ̀dà kò lẹ́nu, báwo ló ṣe ń jẹ́wọ́? Àti pé ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀dà àti ayédèrú, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé? Àwa tí a ti wà níbí láti ìgbà tí Ṣókẹ́yẹ awọnlẹ̀ ti fẹ̀yìn tì kì í béèrè. Ojú wa ló ṣe.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ṣókẹ́yẹ fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ bàtà kan rẹ́ ẹ jẹ. Bó bá fẹ́ ra aago, á kọ́kọ́ gbé e sétí. Bó bá fẹ́ ra aṣọ, á fa òwú kan yọ nínú rẹ̀, á wò ó lójú oòrùn. "Ojúlówó ni mo fẹ́" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, dókítà òyìnbó kan tó ń padà sílé ta ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kékeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, tí òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn. Inú ọkọ̀ yìí ló fi gbé ìyàwó rẹ̀, Ẹfúnyẹmí, wọlé. Nígbà tí ọmọ dé, tí àyè méjì kò tó wọn mọ́, ó tì í sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, ó sì wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Bó ṣe fẹ̀yìn tì báyìí, ó ní òun máa jí i dìde. Ó pe Múráínà, mẹkáníìkì tó ti ń bá a tún ọkọ̀ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Oṣù méje ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ọ̀dà pupa tún dán, àga méjèèjì gba awọ tuntun. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kò rí bíi ti ọkọ̀ ìwòyí. Sípóòkù tín-ín-rín ni wọ́n fi gbé rímù rẹ̀ ró, bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìpẹtà sì ti jẹ wọ́n dé inú. Múráínà fi sípánà kan ọ̀kan ṣoṣo, mẹ́ta já lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, èyí kò ṣeé tún ṣe," ni Múráínà wí. "Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí kò ṣe rímù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lókè òkun tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Alhájà Sàbítíyù ní mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀dà? Múráínà, o mọ̀ mí ṣá."

"Mo mọ̀ yín, bàbá. Ẹ kàn lọ wò ó."

Ó lọ. Alhájà Sàbítíyù ti ń ta rímù ní ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú ọ̀kan nínú páálí, ó gbé e lé orí tábìlì. Rímù náà dán, kò sí sípóòkù kan tó wọ́.

"Ṣé ojúlówó ni?" ni Ṣókẹ́yẹ béèrè.

"Rárá o, bàbá. Ẹ̀dà ni." Ó yí rímù náà padà, ó fi ìka tọ́ka sí etí rẹ̀ nínú. "Orúkọ àwọn tó ṣe é rèé. Ọdún tí wọ́n ṣe é rèé, èṣí. Ṣùgbọ́n á gbé yín."

Ṣókẹ́yẹ fọwọ́ pa á. Ó wù ú, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló rí i pé ó wù ú. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn. "Ẹ ṣeun, Alhájà. Ẹ̀dà kò lè wọ ilé mi."

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí ti Alhájà ni Ọlánípẹ̀kun wà, ọkùnrin tí ahọ́n rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí Ṣókẹ́yẹ ti ń kọjá, ó dìde kí i, ó ní, "Bàbá, ojúlówó lẹ ń wá. Ẹ wọlé." Ó gbé rímù mẹ́rin jáde nínú àpò ìdọ̀họ. Epo wà lára wọn, ìpẹtà sì wà létí wọn. "Ara irú ọkọ̀ yín gan-an ni wọ́n ti tú u, ní ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún. Nǹkan àwọn àgbà ni."

Ṣókẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti mọ́ ọn lára láti máa yẹ nǹkan wò kò lè ṣe kó má yẹ èyí náà wò. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó fi ha sípóòkù kan. Ìpẹtà náà bọ́ bí ìyẹ̀fun, irin abẹ́ rẹ̀ sì funfun báláú. Ó ń wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ọlánípẹ̀kun ti yíjú sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà Ṣókẹ́yẹ fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti kan epo nu ojú ibẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbé e.

Nígbà tí Múráínà ń dè wọ́n mọ́ ọkọ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ó dá yín lójú, bàbá?" Ṣókẹ́yẹ ní, "Ojúlówó ni." Ní àárọ̀ Sátidé, Ẹfúnyẹmí wọ bùbá àti ìró tó mọ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ kan táyà díẹ̀.

"Bàbá Dàpọ̀, ṣé àwọn ẹsẹ̀ yìí lè gbé wa?"

"Ojúlówó ni, Ìyá Dàpọ̀. Wọlé."

Ó wọlé. Wọ́n gba ọ̀nà òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn, àwọn tó mọ̀ wọ́n ń juwọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti yà lẹ́bàá àpáta, wọ́n gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi gbígbẹ dá, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀. Ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún ká sínú. Ọkọ̀ náà fì, ó sì lọ fẹ̀gbẹ́ gbá ògiri gọ́tà. Nǹkan kan kò ṣe Ṣókẹ́yẹ. Apá ọ̀tún Ẹfúnyẹmí dá sí méjì.

Dàpọ̀, àkọ́bí wọn, wọkọ̀ dé láti Èkó lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó rí apá ìyá rẹ̀ nínú símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń de egungun, kò jókòó. Múráínà ti tú rímù tó fọ́ náà, ó fi hàn án pé tuntun ni, pé irin rẹ̀ kò dára, pé omi iyọ̀ ni wọ́n fi pe ìpẹtà sí i lára. Dàpọ̀ gbé ẹjọ́ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ṣókẹ́yẹ ní kó fi sílẹ̀. Ọmọ náà rò pé àánú ló ń ṣe bàbá òun.

Lọ́jọ́ ìpàdé, abẹ́ àtíbàbà wọn kún. Ẹfúnyẹmí náà wá, ó fi aṣọ so apá rẹ̀ mọ́ ọrùn. Alága ẹgbẹ́ ní kí Ọlánípẹ̀kun sọ tẹnu rẹ̀.

"Alága, èmi kò jiyàn," ni Ọlánípẹ̀kun wí. "Ẹ̀dà ni mo tà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa níbí tí kì í ta ẹ̀dà? Láti òrùlé dé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Alhájà, ẹ̀dà ni. Kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan lẹ ń pè ní aláyédèrú?"

Ọ̀pọ̀ nínú wọn wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Alága yíjú sí Alhájà Sàbítíyù.

Alhájà kò dìde. "Òótọ́ ló sọ," ni ó wí. "Ẹ̀dà ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ta ọ̀kan tí kò kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀dà tó bá jẹ́wọ́ kì í ṣe ayédèrú. Èyí tó fi ìpẹtà bojú, tó ń jẹ́ orúkọ olórúkọ, ohun tó ń jẹ́ ayédèrú nìyẹn."

"Ẹ bi bàbá yìí wò," ni Ọlánípẹ̀kun dáhùn. "Ká ní mo jẹ́wọ́ fún wọn, ṣé wọ́n á rà á?"

Dàpọ̀ fẹ́ dìde láti fèsì. Bàbá rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀, ó dá a jókòó, òun fúnra rẹ̀ sì dìde.

"Mi ò ní rà á," ni Ṣókẹ́yẹ wí. "Alhájà jẹ́wọ́ fún mi, mo kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo rà á, mo fi kọ́kọ́rọ́ ha sípóòkù kan, mo rí irin tuntun lábẹ́ ìpẹtà. Mo rí i kedere. Ọkùnrin yìí parọ́ fún mi, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Irọ́ náà wù mí ju òótọ́ Alhájà lọ, torí mo fẹ́ kí ẹnu mi lè máa pè é ní ojúlówó. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí, mo gbé irọ́ náà fún un."

Ẹfúnyẹmí kò wo ọkọ rẹ̀. Símẹ́ńtì apá rẹ̀ ló ń wò. Ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù Ọlánípẹ̀kun pa fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fi òòlù fọ́ àwọn rímù tó kù lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ìdájọ́ kan tí wọ́n lè ṣe fún Ṣókẹ́yẹ.

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹfúnyẹmí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo bi yín."

"O bi mí."

Ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń dá a lóhùn bó bá pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn láàrin wọn bí wọ́n bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti tán. Ṣókẹ́yẹ kò bẹ àwọn ẹbí pé kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́. Ó ń fọ aṣọ Ẹfúnyẹmí, ó ń gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ torí ọwọ́ òsì ni obìnrin náà fi ń jẹun. Ó padà lọ bá Alhájà Sàbítíyù, ó ra rímù mẹ́rin náà. Alhájà kò ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ó kàn tún yí ọ̀kan padà, ó tún fi orúkọ àti ọdún tó wà nínú rẹ̀ hàn án, bí ẹni pé kò rí i rí. Múráínà tún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó gbá ògiri ṣe, ó sì dè wọ́n. Ọkọ̀ náà wà lójú kan, kò sì wà á lọ síbì kankan.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí dókítà tú símẹ́ńtì kúrò, Ẹfúnyẹmí jáde sẹ́yìn ilé. Ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń nu ọkọ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó dúró ti ẹsẹ̀ iwájú.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀dà ni," ni Ṣókẹ́yẹ wí. "Èṣí ni wọ́n ṣe é. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, wàá rí orúkọ wọn nínú níbẹ̀."

Ẹfúnyẹmí bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka wá orúkọ náà títí ó fi kàn án, ó kà á sókè, ó ka ọdún rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó gbé apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn lé itan.

"Ẹ rọra wà á," ló sọ.

Àwa tí a rí wọn lọ́jọ́ náà, tí ọkọ̀ pupa náà ń rọra kọjá níwájú ilé wa, la mú ọ̀rọ̀ Alhájà, tí a fi ń parí ìjà di òní. Ẹnikẹ́ni lè máà jẹ́ ojúlówó. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kó sọ ohun tó jẹ́, kí ẹni tó fẹ́ gùn ún tó wọlé. Ẹ̀dà tó bá jẹ́wọ́ kì í ṣe ayédèrú.