Ìgè àti Àwọn Òkúta Mọ́kànlá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rìn, ó rìn, ó kọjá oko, ó kọjá àkùrọ̀. Kò dúró lórí Erin, kò dúró lórí Ọ̀bọ. Ààlọ́ mi dá lórí Ìgè onítìjú.

Bí Ìgè ṣe yọ sí pápá, ohùn tó kọ́kọ́ gbọ́ ni gbì! Erin ló ń fi orí ti òkúta. Òkúta náà ga ju ènìyàn lọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá ló sì dúró yípo láàárín pápá bí agbo eré. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn baba ńlá wa bá wọn níbẹ̀ ni. Wọ́n sọ fún wa pé bí omi bá gbẹ nílẹ̀ yìí, àwọn ni ká lọ bẹ̀.

Omi sì ti gbẹ. Ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tí Àwẹ̀ró, ìyàwó Ìgè, bímọ. Wọ́n ti rí oyin, wọ́n ti rí iyọ̀, wọ́n ti rí obì. Omi ni kò sí. Ta ni yóò sọ ọmọ lórúkọ láìsí omi?

Ọ̀bọ rí Ìgè láti orí òkìtì ọ̀gán.

"Bàbá ìkókó dé o! Ṣé o mú ahọ́n rẹ dání lónìí, àbí ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọmọ?"

Ìgè tẹ orí ba. "Ẹ kúulẹ̀ o," ó ní, wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀yin òkúta, èmi Erin ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀! Ẹ fún mi lómi!" Gbì! Òkúta dákẹ́. Gbì! Òkúta dákẹ́. Gbì! Eruku sọ lálá, òkúta dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ rọra o, Bàbá Erin, kí orí má fọ́ ṣáájú òkúta." Ọ̀bọ bẹ́ sílẹ̀. "Oríkì là ń ki àgbà. Ẹ̀yin arẹwà! Ẹ̀yin a-dúró-má-rẹ̀! Omi díẹ̀ péré!" Ó ta òkìtì kan, òkúta dákẹ́. Ó ta méjì, òkúta dákẹ́. Ó ta mẹ́ta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, òkúta dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ó kàn ọ́, bàbá ìkókó," ni Erin wí.

Onítìjú kì í wojú, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ìgè bá ń rìn yí àwọn òkúta ká, ó ń wolẹ̀. Láti òkúta kìíní dé ìkejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Láti ìkejì dé ìkẹta, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí ó fi dé ibì kan: ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ó dúró. Ó rí i pé gbogbo òkúta ló tẹ̀ díẹ̀ sí ibẹ̀. Ó la koríko. Òkúta kan ló sùn gbalaja sílẹ̀, èèrà ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣelé.

Ìgè rántí ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹnìkan wá, ọkọ́ tó yá bàbá náà ló kọ́kọ́ béèrè, kó tó kí wọn.

Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dáa." Ohùn rẹ̀ kéré, ó bá fi kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mọ́kànlá dúró, ọ̀kan sùn sílẹ̀,
— Gbinrin o, gbinrin.
Gbogbo wa tọrọ, kò sẹ́ni tó kí,
— Gbinrin o, gbinrin.
Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yin àgbà,
— Gbinrin o, gbinrin.
N ò ní béèrè, mo wá kí yín ni,
— Gbinrin o, gbinrin.

Òkúta tó dàgbà jù sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀: "Láti ọjọ́ tí àbúrò wa ti ṣubú, ọ̀pọ̀ ló ti wá síbí. Ìwọ nìkan lo kí wa."

Omi kán lára òkúta kìíní: tó. Ó kán lára ìkejì: tó. Ó kán lára ìkẹta: tó. Ìgbà tó kan gbogbo wọn tán, omi tú jáde lábẹ́ èyí tó sùn: ṣọ̀ọ̀ọ̀!

Erin ká ẹsẹ̀ kò. "Ẹ... ẹ kú ará fẹ́ra kù." Ọ̀bọ wá ẹ̀fẹ̀ tì.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo fi àlọ́ yìí kọ́ yín rèé: bí ẹ bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan ṣe é. Ìkíni ló ń ṣáájú ẹ̀bẹ̀.

Ní ti Ìgè, ó bu omi kún akèrègbè, ó dé fìlà rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé lọ.